Ẹ́ńjìnnì Tó Ti Tutù Kì Í Jẹ́rìí

Àárọ̀ kì í bá ọ̀kadà àtijọ́ jà. Ẹ ta kíìkì lẹ́ẹ̀kan, ó ti dáhùn. Àpò gaàrí méjì lẹ́yìn, èrò kan láàárín, ó kúrò ní Lálúpọn bí ẹni pé àná ni wọ́n rà á. Ìgbà tó bá ti rin nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, tí oòrùn ti mú, tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, ni wàhálà á bẹ̀rẹ̀. Á húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, á húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á sì kú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ ta kíìkì títí kí òógùn bò yín, kò ní dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó sábẹ́ igi fún ìdajì wákàtí, kí ẹ wá tún un ta lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ti dáhùn nìyẹn, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Àwọn tó ń rìn láàárín Mọ́níyà àti Ìjàyè, láàárín Ìyànà Ọ̀fà àti Lálúpọn, tàbí tí wọ́n ń ti Akánrán wọ Ìbàdàn, mọ irú ọ̀kadà yìí dáadáa. Ní àwọn abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ọ̀kadà kì í ṣe ohun ìgbafẹ́. Òun ló ń gbé ẹ̀gẹ́ àti tòmátì jáde lóko, òun ló ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, òun náà ló ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Tó bá kú sọ́nà, kì í ṣe irin nìkan ló dúró.

Èèyàn lè sọ pé ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì lèyí, kí ló kan ẹni tó ń ka ìwé? Lójú tiwa, ìbéèrè méjì tó le wà nínú ẹ̀. Ìgbà wo gan-an ni èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun mọ ohun tó fa nǹkan? Tí kò bá sì mọ̀, ta ló yẹ kó san owó àìmọ̀ náà? Àwa tí à ń fi kíkọ sọ́fítíwíà jẹun ń bá irú ìbéèrè yìí sùn, a sì ń bá a jí. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà ṣàlàyé ẹ̀ ju kọ̀ǹpútà lọ, torí ẹni tó ń jìyà ẹ̀ wà níwájú yín, ó di àṣíborí ẹ̀ mú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irin náà.

Epo àti afẹ́fẹ́ nìkan ò lè jó nínú ẹ́ńjìnnì. Iná kékeré kan gbọ́dọ̀ já ní orí púlọ́ọ̀gì, kó sì já lásìkò tó yẹ gẹ́lẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ọ̀kadà àtijọ́, iná yìí kì í ti inú bátìrì wá. Lábẹ́ ìdérí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, wáyà kọ́pà tín-ín-rín kan wà tí wọ́n wé mọ́ irin lọ́pọ̀ ìgbà. Kọ́ìlì ni wọ́n ń pè é. Irin rìbìtì kan tó ní òòfà lára ń yí lára ẹ̀, yíyí yẹn ló ń bí iná mànàmáná. Iná náà á lọ sínú àpótí dúdú kékeré tí gbogbo mẹkáníìkì ń pè ní CDI, CDI á sì dì í mú. Kọ́ìlì kékeré mìíràn wà tó ń sọ fún CDI pé, "Ó tó àkókò." Bó bá ti gbọ́, á tú gbogbo iná tó dì mú sínú kọ́ìlì kẹta, tó sábà máa ń wà lábẹ́ táǹkì epo. Kọ́ìlì yìí á sọ ọ́ di iná tó lágbára ju 10,000 fóòtì lọ, kó tó lè fò kọjá àlàfo kékeré tó wà lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí iná sì ń já ní gbogbo ìgbà tó bá yí, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá ni iná ń já ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ìgbà 100 nìyẹn o. Àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú Honda CG125 àkọ́kọ́ tó jáde ní 1976, kò tiẹ̀ ní CDI. Pọ́ǹtì àti kọ̀ndẹ́ńsà ni wọ́n fi ń ṣe é.

Báwo ni ooru ṣe wá ń ba nǹkan wọ̀nyí jẹ́? Irin máa ń gùn sí i tó bá gbóná. Tí wáyà kọ́pà kan bá ti ya díẹ̀, ní ibi tí ojú ò lè rí, ẹnu méjèèjì lè fara kanra nígbà tó bá tutù, kí ooru wá fà wọ́n yà. Ọ̀dà tó bo wáyà náà lè ti sán látàrí ọjọ́ pípẹ́, kí wáyà méjì tí kò yẹ kó fara kanra wá máa kanra. Nínú CDI, àwọn ohun kéékèèké tó ń ṣí tó ń tì fún iná máa ń jò tí wọ́n bá gbóná jù, bí ẹnu ọ̀nà tí kò tì dáadáa mọ́. Kọ̀ndẹ́ńsà tó ti gbó náà máa ń jò bẹ́ẹ̀. Ohun tó ya nígbà tó gbóná á padà lẹ̀ mọ́ra nígbà tó bá tutù, ohun tó ń jò á dẹ́kun jíjò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti irin tó di ti ìwà nìyẹn. Àṣìṣe yìí máa ń pa ẹ̀rí ara ẹ̀ rẹ́. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bá dé.

Ẹ fojú inú wo ọlọ́kadà kan. Ó ti ọ̀kadà ẹ̀ títí tó fi dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Kó tó débẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti tutù. Mẹkáníìkì ta kíìkì, ó dáhùn.

"Ó dáa báyìí nà."

"Ọ̀gá, tó bá gbóná ló ń kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

"Púlọ́ọ̀gì ni. Ẹ lọ ra tuntun wá."

Ó ra púlọ́ọ̀gì. Wọ́n dè é, wọ́n ta kíìkì, ó dáhùn. Ó sanwó, ó dúpẹ́, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó tún kú sí ọ̀nà kan náà. "Háà, a jẹ́ pé kọ́ìlì ni." Ó ra kọ́ìlì. Ó dáhùn. Ó tún kú. "CDI ni, kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn mọ́." Wọ́n rán ọmọ iṣẹ́ lọ sí ọjà Aràròmí ní Gáàtì, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ wà lára ohun tí ọlọ́kadà ń san. CDI dé, wọ́n dè é, ọ̀kadà dáhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Ní gbogbo ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kadà dáhùn lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ nǹkan. Mẹkáníìkì sì rí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí: "Ẹ ò rí i? Mo ti sọ." Ṣùgbọ́n títú ọ̀kadà, lílọ ra ọjà, pípadà wá dè é, wákàtí kan ó kéré jù ni gbogbo ẹ̀. Wákàtí kan sì pọ̀ ju àsìkò tí ẹ́ńjìnnì nílò láti tutù lọ. Ká ní wọ́n jókòó lásán, tí wọ́n ra ẹ̀pà, tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, ọ̀kadà náà ìbá ṣì dáhùn. Wákàtí yẹn ló wò ó sàn, kì í ṣe ọjà tí wọ́n rà.

Èyí tó wá burú jù ni pé ohun tí wọ́n yọ lè má ní àìsàn kankan. Kọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n yọ jù sí kọ̀rọ̀, wọ́n sì fi èyí tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó ti wá rọ́pò ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n níbí, àdán wà lọ́wọ́ wa, a jù ú nù, a wá lọ fowó ra òòbẹ̀. Tí ọ̀kadà bá tún kú, àṣìṣe lè ti di méjì: ti àtijọ́ tí a ò rí, àti tuntun tí a fọwọ́ ara wa gbé wọlé.

Ní 1986, àwọn onímọ̀ fìlọ́sọ́fì méjì tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, Barry Hallen àti J. O. Sodipo, tẹ ìwé kan jáde tó ń jẹ́ Knowledge, Belief and Witchcraft. Wọ́n jókòó ti àwọn oníṣègùn Yorùbá, wọ́n bi wọ́n léèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín "mo mọ̀" àti "mo gbàgbọ́". Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé èdè wa ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú "mọ̀" rárá. Ohun tí èèyàn fojú ara ẹ̀ rí, tí òye ẹ̀ sì yé e, lòun mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un, tó gbà, tó gbọ́, ìgbàgbọ́ nìyẹn, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ tóbi tó. Ọ̀rọ̀ náà sọ ara ẹ̀: gbà, gbọ́. Ìgbàgbọ́ kì í ṣe ìwà àbùkù o. A lè dán an wò, tó bá sì yege lójú wa, ó lè di ìmọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó yege, a ò gbọ́dọ̀ fi orúkọ ìmọ̀ pè é.

Ẹ fi òṣùwọ̀n yẹn wọn ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì wa. "Kọ́ìlì ni." Ṣé ó rí i? Rárá. Ọ̀kadà tútù ló rí, ọ̀kadà tútù ò sì ní àìsàn. Ìtàn ọlọ́kadà ló gbọ́, ó fi ohun tó ti rí lára ọ̀kadà mìíràn kún un, ó gbàgbọ́. Bóyá ìgbàgbọ́ tó dáa ni, torí ọ̀pọ̀ ọdún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ ló tà, owó ìmọ̀ ló gbà. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Irin ò lẹ́nu tó máa fi rojọ́, bí wọ́n bá dá a lẹ́bi lásán, kò dùn ún. Ẹni tó dùn ni ẹni tó sanwó.

Ṣé ohun tó ṣeé rí wá ni àṣìṣe tó ń sá pamọ́ yìí? Ó ṣeé rí. Ohun tó gbà ni pé kí á lọ bá a ní wákàtí ẹ̀. Ìròyìn ò tó àfojúbà: ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ń pa ọ̀kadà nígbà tó bá gbóná gbọ́dọ̀ gùn ún títí tó fi gbóná, kó sì wà níbẹ̀ nígbà tó bá kú, pẹ̀lú irinṣẹ́ lọ́wọ́.

Bó bá ti kú, kò sí àyè ìbínú, torí ẹlẹ́rìí náà ò ní dúró pẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí táǹkì. Tí ẹ bá gbọ́ tí afẹ́fẹ́ wọlé fìn-ìn, tí ọ̀kadà sì dáhùn lẹ́yìn ẹ̀, iná ò jẹ̀bi. Ihò kékeré tó yẹ kí afẹ́fẹ́ máa gbà wọ inú táǹkì ló ti dí, epo ò rí àyè sọ̀kalẹ̀. Tí kò bá ṣe èyí, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ ṣọ́ra kí ó má jó yín lọ́wọ́. Ẹ fi púlọ́ọ̀gì mìíràn tí ẹ mọ̀ pé ó dáa sẹ́nu wáyà, ẹ jẹ́ kí ara irin ẹ̀ fara kan ẹ́ńjìnnì, kó jìnnà sí ihò tí epo ti lè fẹ́ jáde, kí ẹ wá ta kíìkì. Ṣé iná ń já? Tó bá ń já dáadáa, ẹ fi gbogbo kọ́ìlì sílẹ̀, wọn ò ṣẹ̀ yín. Ẹ lọ wo epo, kàbúrétọ̀, tàbí fáàfù tí àlàfo ẹ̀ ti fún jù, tí kì í tì dáadáa mọ́ tí ooru bá ti mú un gùn.

Tí iná ò bá já, ẹ ti ní ohun tí ẹ fojú rí. Ẹ̀yìn èyí lẹ lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó jẹ̀bi láàárín àwọn mélòó kan. Ẹ yọ wáyà tó ń lọ síbi bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnnì. Tí iná bá padà, bọ́tìnnì tàbí wáyà yẹn ni. Ẹ rẹ àkísà sínú omi, ẹ fún un, ẹ dì í mọ́ kọ́ìlì abẹ́ táǹkì. Ẹ má bu omi lu ẹ́ńjìnnì gbígbóná o, ó lè sán. Tí iná bá padà lójú ẹsẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, kọ́ìlì yẹn ti fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́. Tí kò bá padà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún CDI, ẹ kàn má jẹ́ kí omi kan ẹnu wáyà ẹ̀.

Ọ̀nà kejì wà tó dojú èyí dé, a sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Dípò kí ẹ tu ohun kan lára nígbà tí gbogbo ẹ̀ gbóná, ẹ mú ohun kan gbóná nígbà tí gbogbo ẹ̀ tutù. Onídìrí ìsàlẹ̀ àdúgbò ní dráyà tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Bí iná bá wà, ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ sítáàtì ọ̀kadà nígbà tó tutù, ẹ fẹ́ ooru sí CDI nìkan. Tó bá kú, ẹ mọ̀. Tí kò bá kú, ẹ kọjú sí kọ́ìlì.

Ẹni tó bá ní mítà lè wọn kọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì nígbà tó tutù àti nígbà tó gbóná, ṣùgbọ́n òye gbọ́dọ̀ wà nínú ìyẹn náà. Wáyà kọ́pà máa ń dènà iná sí i ní nǹkan bí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan tó bá gùn lórí òṣùwọ̀n Celsius. Láti 30 dé 120, nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Kọ́ìlì tó sọ 200 nígbà tó tutù lè sọ 270 nígbà tó gbóná, kí ara ẹ̀ sì le koko. Ẹni tí kò mọ èyí á rí nọ́ńbà tó yí padà, á pariwo pé òun ti mú olè. Ẹni tó sì wọ̀n ọ́n nígbà tó tutù nìkan á dá olè sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe. Bí ẹ bá yá CDI lára ọ̀kadà ọ̀rẹ́ yín, tí ọ̀kadà yín sì rin wákàtí kan láìkú, ẹ má tíì jó. Ẹ dá ti àtijọ́ padà sí i. Tó bá tún kú bó ṣe máa ń kú, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ tó yanjú. John Stuart Mill, fìlọ́sọ́fà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ọgbọ́n yìí nínú ìwé tó kọ ní 1843: kí ohun gbogbo dọ́gba, kí ohun kan ṣoṣo yàtọ̀, kí àbájáde sì yàtọ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Yíyá nǹkan dánwò àti ríra nǹkan dánwò jọra lójú, ṣùgbọ́n ìkan ń wá òtítọ́, ìkejì ti dájọ́ tán.

Nínú iṣẹ́ tiwa, irú àṣìṣe yìí lórúkọ. Heisenbug ni wọ́n ń pè é, wọ́n fi orúkọ Heisenberg, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì, ṣeré. Áàpù á ṣiṣẹ́ dáadáa lóru nígbà tí èèyàn ò pọ̀ lórí ẹ̀. Tó bá di ìparí oṣù tí gbogbo èèyàn ń fi owó ránṣẹ́, á dákú. Bí a bá kọ ìlà kan sínú ẹ̀ láti fi ṣọ́ ọ, ìlà yẹn á fà á sẹ́yìn díẹ̀, àṣìṣe náà ò sì ní yọjú mọ́. Jim Gray sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1985, lórí ìdí tí kọ̀ǹpútà fi ń dáṣẹ́ dúró. Ohun tó sọ tó máa ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé, púpọ̀ nínú àṣìṣe tó ṣẹ́kù sínú sọ́fítíwíà tí wọ́n ti yẹ̀ wò dáadáa ló jẹ́ irú èyí: ẹ pa á, ẹ tún un tàn, á lọ.

Nítorí náà, a ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má pa nǹkan kó tún un tàn. Ọlọ́kadà tó jókòó sábẹ́ igi títí ọ̀kadà fi tutù, tó gùn ún délé, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àwa tí a tún sáfà tàn ní agogo méjì òru kí àwọn èèyàn lè rí owó wọn gbà kò ṣẹ̀ náà. Ìtura ni, ìtura sì dáa. Ẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi tí a bá ti pe ìtura ní àtúnṣe, tí a kọ ọ́ sínú ìwé pé "ó ti parí", tí a wá gbowó lé e lórí.

Ẹ jẹ́ ká gba ti mẹkáníìkì rò náà, kí àwa gan-an má baà di agbẹjọ́ ẹnìkan dá. Ta ló ń sanwó fún wíwò? Bí mẹkáníìkì kan ní Ẹ̀rúnmu bá gun ọ̀kadà yín fún ìdajì wákàtí, tó jókòó tì í, tó fọwọ́ tẹ wáyà kọ̀ọ̀kan, tó wá rí ibi tí wáyà kan ti ya, tó so ó, tó ní kí ẹ mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta wá, kí lẹ máa sọ? "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta! Kí lẹ ṣe? Wáyà lásán tẹ́ ẹ so!" Ṣùgbọ́n bó bá fi kọ́ìlì tuntun hàn yín nínú páálí, ẹ máa san ìlọ́po méjì ẹ̀, ẹ ò sì ní jiyàn. Àwa oníbàárà la kọ́ ọ pé ọjà la lè fowó rà, pé ọgbọ́n orí jẹ́ ẹ̀bùn ọ̀fẹ́. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ náà dáadáa ni.

Ti ọlọ́kadà náà ò rọrùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní owó tí wọ́n ń dá lójoojúmọ́ fún ẹni tó ni ọ̀kadà. Ọjọ́ kan tí wọ́n fi wádìí àṣìṣe jẹ́ ọjọ́ kan tí owó ò wọlé. Ẹni tí ebi ń lé kì í lè sọ pé "ẹ fara balẹ̀, ẹ wò ó dáadáa." "Ẹ ṣe nǹkan, ẹ jẹ́ kí n máa lọ" ló máa ń sọ. Sùúrù ni baba ìwà, a gbà, ṣùgbọ́n sùúrù náà ní iye tó ń náni, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló lówó ẹ̀ lọ́wọ́.

Ṣé a lè wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fojú dá nǹkan mọ́? Kò ṣeé ṣe. Mẹkáníìkì ń fojú dá a, dókítà ń fojú dá a, àwa náà ń fojú dá a. Ṣùgbọ́n ìfojúdá tó mọ́ wà, èyí tó dọ̀tí náà wà. Èyí tó mọ́ máa ń pe ara ẹ̀ lórúkọ: "Mo rò pé CDI ni, mi ò tíì rí i o." Á kọ́kọ́ gbìyànjú ohun tí kò náni lówó, tó sì ṣeé dá padà, kó tó kan èyí tó wọ́n. Wọ́n á sì ti jọ sọ ọ́ ṣáájú pé tí kò bá jẹ́ òun, ta ló máa ru gbèsè ẹ̀: ṣé wọ́n á dá ọjà padà, ṣé wọ́n á pín in, ṣé oníbàárà ló gbà láti ta á ní tẹ́tẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, kò gba mítà, kò gba ìwé ẹ̀rí. Ohun tó gbà ni kí ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá lè ṣí ẹnu sọ níwájú ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ pé, "Mi ò tíì mọ̀."

Kì í ṣe ìdí ọ̀kadà nìkan lèyí wà. Ara gbóná, a ti sọ pé ibà ni, a ti dé ilé oògùn. Ara tutù lọ́jọ́ kẹta, a ní oògùn náà ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ ohun tó ń mú ara gbóná ló máa ń lọ fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ibà. Ìdí kan náà ni: ìtura tó tẹ̀lé oògùn kì í ṣe ẹ̀rí pé oògùn ló fa ìtura.

A sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn. Ẹnìkan wà tó jẹ́ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń ṣe láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán tí iṣẹ́ ti pọ̀ lórí ẹ̀, á kanra mọ́ gbogbo èèyàn. Ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ara ti tutù, a pè é jókòó, a bi í pé kí ló ṣe é, ó ní kò sí nǹkan kan. A wá fi ohun tó wù wá parí ẹ̀: ìwà ẹ̀ ni, ìdílé ẹ̀ ni, ìgbéraga ni. A yan ohun kan, a dá a lẹ́bi. Kò sẹ́ni tó bá a jókòó ní ọ̀sán yẹn, kó rí ohun tó gbé lórí.

Fún ẹ̀yin tí ọ̀kadà yín ń kú lọ́nà báyìí, ohun kan wà tí ẹ lè ṣe lọ́la láìná kọ́bọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ sínú fóònù yín: iye ìṣẹ́jú tó rìn kó tó kú, ẹrù tó gbé, bóyá ó húkọ́ kó tó kú tàbí ó kú lẹ́ẹ̀kan náà, bóyá ṣíṣí táǹkì yí nǹkan padà, bóyá iná já lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, iye ìṣẹ́jú tó fi tutù kó tó dáhùn. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un lọ bá mẹkáníìkì yín, kí ẹ sì sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ní kí n ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká jọ gùn ún títí á fi kú. Màá san owó àsìkò yín." Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa fi owó lọ̀ ọ́ torí kó lè mọ̀.